Lẹ́sìn JAMB ₦120,000: ṣé ọmọ ilé-ìwé ìjọba lè wọ UI láìsan án?

ỌmọÌṣẹ́yìn kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní SS3 ní ilé-ìwé ìjọba ní Ìṣẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ló sì ń wù ú. Orí ọmọ náà pé, kì í jábọ́ kúrò láàárín ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ní kíláàsì wọn. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́, bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, èmi tí mo ń ṣọ́ géètì ní Èkó ni mo ń gbọ́ bùkátà ìwé rẹ̀.

Ilé lẹ́sìn kan ní Ìbàdàn, tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún JAMB, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ní kí a mú ₦120,000 wá fún oṣù mẹ́ta. Ibi tí yóò máa sùn àti oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀ o. Ẹ sì mọ̀ pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024, tèmi kò jìnnà sí i. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní, "Bí kò bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, kó má wulẹ̀ yan UI." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́, àbí wọ́n kàn fẹ́ gba owó ọwọ́ mi?

ÌyáMẹ́ta kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá owó yẹn san o. Bí ayé ṣe dà nìyẹn. Ilé-ìwé aládàáni ni àwọn tèmi ń lọ, owó rẹ̀ sì ń dùn mí ní gbogbo táàmù. Síbẹ̀, tíṣà ìṣirò wọn náà ló tún ń wá sílé lálẹ́ wá kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kó ti kọ́ wọn lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń sanwó iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo mọ̀. Kí ni kí n wá ṣe? Gbogbo òbí kíláàsì wọn ló ń ṣe é, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá sì ṣe é ló máa dà bí olódo lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

OníKáfè kọ:

Mo ní káfè tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà dánra wò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Ìbéèrè 180 ni JAMB. Gẹ̀ẹ́sì kó 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù kó 40, 40. Wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Láti 2015 sì ni ìwé àti pẹ́ńsùlù ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù nílé á fi ìṣẹ́jú àáyá 40 tirẹ̀ ronú. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí á fi ìdajì rẹ̀ wá ibi tí ọfà máósì wọlé sí. Àwọn tó mọ Kẹ́místìrì dáadáa wà lára wọn, mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ara wọn níta káfè. Wọ́n á jókòó sídìí ẹ̀rọ, aago á tán mọ́ wọn lórí kí wọ́n tó dé ìdajì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ni pé kò pọn dandan kéèyàn lo máósì rárá. JAMB ṣètò rẹ̀ kí bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó ọmọ: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà sínú rẹ̀ bó bá ṣèèṣì tẹ S. Ọjọ́ kan lẹ fi máa kọ́ ọmọ. Ilé lẹ́sìn á sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì gbowó rẹ̀.

Kẹ́místìrì_Agbówó kọ:

Olùkọ́ lẹ́sìn ni mí, mi ò fara pamọ́. Mo ka Kẹ́místìrì jáde, mo wáṣẹ́ títí ó sú mi, lẹ́sìn ló ń bọ́ èmi àti ìyàwó mi. Ẹ má bú wa jù. A kò fi okùn fa òbí kankan wá.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí à ń tà nìyí láìfi bò: ìbéèrè àtijọ́ àti àlàyé rẹ̀, ìdánwò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àti àgbàlagbà kan tí yóò jókòó ti ọmọ kó má bàa máa tẹ fóònù. Ó ń ran ọmọ tó ti ní ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ gan-an. Ọmọ tí kò ní ìpìlẹ̀, ohun tí ọdún mẹ́fà sẹ́kọ́ńdírì kò ṣe fún un, oṣù mẹ́ta kò lè ṣe é. Ẹni tó bá fi 300 ṣèlérí fún yín, ẹ sá fún un. Nígbà tí JAMB kọ́kọ́ gbé èsì 2025 jáde, nínú ọmọ 1,955,069, àwọn 4,756 péré ló gba 320 sókè. Àwọn 1,534,654 ni kò tó 200. Lẹ́sìn sì kún gbogbo òpópónà láti Yábà dé Ṣakí! Ká ní idán ni à ń pa, ṣé bó ṣe máa rí nìyẹn?

ỌmọFásitì kọ:

Bọ̀ọ̀dá Agbówó, ẹ má fi èsì 2025 ṣe ẹ̀rí láìsọ ìyókù rẹ̀. Ní May ọdún yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá JAMB, jáde síta tó sunkún níwájú àwọn oníròyìn, tó gbà pé àṣìṣe ti wọ iṣẹ́ wọn ní ibùdó 157: 65 ní Èkó, 92 ní ìpínlẹ̀ Ìgbò márààrún. Ọmọ 379,997 ni wọ́n pè padà wá tún un ṣe. Atẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi múra. Ó yẹ ká bi ara wa: nínú àwọn tí wọ́n pè yẹn, ta ló ní owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì?

Kẹ́místìrì_Agbówó kọ:

Mo gbà. Àmọ́ ẹ yọ gbogbo 379,997 yẹn kúrò, kẹ́ ẹ gbà pé gbogbo wọn ìbá gba 400. Àwọn tí kò tó 200 ṣì lé ní mílíọ̀nù kan.

TíṣàÒkèÒgùn kọ:

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ilé-ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ Báyọ́lọ́jì, ní agbègbè Òkè-Ògùn. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi ará Ìṣẹ́yìn yìí ní ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í. Ta ló ń kọ́ ọmọ náà ní Físíìsì?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́místìrì àti Báyọ́lọ́jì ló máa jókòó fún ní JAMB. Ó tún gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìṣirò nínú WAEC tàbí NECO rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí mo mọ̀ lọ́dọ̀ wa, tíṣà Físíìsì ò sí. Àgùnbánirọ̀ la máa ń gbójú lé. Bó bá ti parí ọdún rẹ̀ tó sì lọ, ó di kí Ọlọ́run rán òmíràn wá, èyí tí Ọlọ́run bá sì rán lè jẹ́ ẹni tó ka ìtàn. Nígbà mìíràn ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ á dáwó gba ẹnìkan. Bí wọn ò bá rí dá, Físíìsì á ṣì wà lórí táìmù-tébù o, 10:40 sí 11:20, ọjọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé. Àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á sùn díẹ̀, aago á lù.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "olówó ń ra lẹ́sìn, tálákà ò rí i rà" kò fi tó mi. Àfikún ni ọmọ olówó ń rà. Ọmọ tiwa ń wá owó tí yóò fi ra ohun tí ìjọba ti sọ pé òun ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń wá owó ẹran tí yóò kún ọbẹ̀ àti ẹni tó ń wá owó omi tí yóò fi gbé e kaná, ṣé a lè pe àwọn méjèèjì ní ẹgbẹ́?

ỌmọÌṣẹ́yìn kọ:

Tíṣà, àfi bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Mo pe ọmọ náà nísinsìnyí. Ó ní àgùnbánirọ̀ kan kọ́ wọn ní SS1, ọkùnrin náà sì mọ̀ ọ́n kọ́. Ó lọ. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún wọ kíláàsì wọn fún Físíìsì. Mo ní, "Máàkì 68 tó wà nínú ìwé èsì rẹ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo àwọn ló gba nǹkan bíi 60 sí 70.

Ilé lẹ́sìn Ìbàdàn yẹn kò bi mí ní ìbéèrè yìí rí.

BàbáAlákọ̀wé kọ:

Ìtìjú gbáà ni. January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti 1979, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN márààrún, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, tún gbé e dé sẹ́kọ́ńdírì. Jákàńdè, gómìnà Èkó, fòpin sí kí ọmọ kan máa lọ láàárọ̀, kí òmíràn máa lọ lọ́sàn-án ní Èkó. Ta ló gbọ́ lẹ́sìn nígbà náà?

ÌyáMẹ́ta kọ:

Bàbá, ẹ kú àgbà. Àmọ́ lẹ́sìn wà nígbà náà náà, àwọn tó fẹ́ yege Common Entrance ń ṣe é. Àwọn kíláàsì tí Jákàńdè kọ́, ṣebí àwọn ará Èkó ló ń pè é ní ilé adìẹ? Ọ̀fẹ́ náà kò sì tíì lọ, ó ṣì wà nínú ìwé títí dòní. Tíṣà Físíìsì ni kò sí.

Àjọkẹ́_Kent kọ:

Ẹ má rò pé Ọlọ́run ló dá a mọ́ Nàìjíríà nìkan. Kent ni mo wà ní ìlú Ọba. Ilé-ìwé ìjọba kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní grammar school, ọ̀fẹ́ ni, 163 ló kù ní gbogbo England. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń ṣe é. Wọ́n ní ọpọlọ ọmọ ni àwọn ń dán wò. Ọpọlọ ta ni? Àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ládùúgbò mi, láti Year 4 la ti ń wọ́ ọmọ lọ tuition ní Sátidé, Ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń gbà wá ní Sọ́ńdè, ọmọ ò mọ eré mọ́. Àjọ kan tó ń jẹ́ Sutton Trust sọ ní 2023 pé nínú ọmọ ọdún 11 sí 16 ní England, 30 nínú 100 ló ti gba lẹ́sìn aládàáni rí. Ní London, 46 ni.

Ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ care lóru tí kò rí owó wákàtí kan san, ilé-ìwé yòókù lọmọ rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ilé-ìwé yòókù yẹn ní tíṣà Físíìsì.

Akin_Bahia kọ:

Ẹ jẹ́ kí n gba Brazil wọlé. Salvador ni mo ń gbé, mò ń kọ́ àwọn ará ibí ní Yorùbá. Yunifásítì ìjọba ọ̀fẹ́ ni níhìn-ín, òun ló sì dára jù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ọmọ olówó á lọ sẹ́kọ́ńdírì aládàáni, á san owó lẹ́sìn tí wọ́n ń pè ní cursinho, á sì wá gba àyè nínú yunifásítì ọ̀fẹ́. Ọmọ tálákà tó lọ sẹ́kọ́ńdírì ìjọba á wá máa sanwó ní yunifásítì aládàáni tí kò tó nǹkan. Gbogbo rẹ̀ yí po.

Ohun méjì ni wọ́n ṣe sí i. Àkọ́kọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn dá lẹ́sìn sílẹ̀. Ní Salvador níbí, láti 1992 ni Instituto Steve Biko ti ń múra àwọn ọmọ wa sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìtàn ara wọn pẹ̀lú rẹ̀. Èkejì, ní 2012 ìjọba ṣòfin pé ìdajì àyè ní gbogbo yunifásítì ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ti ọmọ tó ka sẹ́kọ́ńdírì ìjọba, wọ́n sì tún pín ìdajì náà gẹ́gẹ́ bí owó tó ń wọlé sílé àti àwọ̀ ara ṣe rí. Ariwo pọ̀, wọ́n ní yunifásítì á bàjẹ́. Òfin náà ṣì dúró, wọ́n tún un ṣe ní 2023, wọn kò pa á rẹ́.

Kí ló dé tí a kò lè ṣe irú rẹ̀? UI, OAU, UNILAG: ìdajì fún ọmọ ilé-ìwé ìjọba.

Kẹ́místìrì_Agbówó kọ:

Nàìjíríà kẹ̀? Ní ọjọ́ tí òfin yẹn bá jáde, gbogbo ọmọ olówó á ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba nínú ìwé, wọ́n á sì máa jókòó sí ilé-ìwé aládàáni wọn. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ SS3 lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bá wọn kọ WAEC báyìí náà ni.

Akin_Bahia kọ:

Ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́kọ́ńdírì àgbà ni òfin ibí ní kí ọmọ fi wà ní ilé-ìwé ìjọba. Bí olówó bá gbà kí ọmọ òun jókòó sí kíláàsì tí kò ní tíṣà Físíìsì fún ọdún mẹ́ta, tíṣà á dé síbẹ̀ láàárín oṣù kan. Èyí gan-an ló dùn mọ́ mi nínú rẹ̀.

TíṣàÒkèÒgùn kọ:

Ìpín ti wà lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀, ẹ má gbàgbé. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú 100 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gbèrú. Kwara wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ ìkẹyìn yẹn, Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wò. Ọmọ ọ̀gá kan ní Bódìjà àti ọmọ elẹ́fọ̀ọ́ Ìṣẹ́yìn, ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn méjèèjì, ìlà kan náà ni wọ́n tò sí. Mo lè fara mọ́ ohun tí Akin sọ, ṣùgbọ́n kí a má fi ìpín dípò tíṣà. Bí a bá mú ọmọ tí kò mọ Físíìsì wọ kíláàsì nọ́ọ̀sì, ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n máa lé e jáde.

ALÁBÒÓJÚTÓ kọ:

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan kúrò níbí, ẹni tó ní òun ní "ìbéèrè JAMB gan-an" tó sì fi nọ́ńbà WhatsApp síbẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún irú wọn. Ẹni tó bá tún gbé e wá, mo máa tì í síta.

ỌmọFásitì kọ:

Ẹ ṣeun, Alábòójútó.

Ohun kan tí ẹ ò tíì kàn: kí ó wọlé tán ńkọ́? Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ọmọ tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, àmọ́ "owó mìíràn" tí wọ́n ń gbà ń lé sí i. Ti ìpínlẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ rántí LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó: ní 2011 wọ́n gbé e láti ₦25,000 lọ sí ₦193,750 fún àwọn kan, tó fi dé ₦348,750 fún àwọn mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de títí tí gómìnà Fáṣọlá fi dá a padà sí ₦25,000 ní 2014. Àwọn tí wọ́n ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín ọdún yẹn, ta ló dá wọn padà? Ẹ̀gbọ́n, tí ọmọ bá wọlé, kó béèrè fún owó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Láti May 2024 ni wọ́n ti ṣí i, kò ní èlé, yunifásítì ni wọ́n ń san owó ìwé fún tààrà. Kì í ṣe ẹ̀bùn o, gbèsè ni. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni tó ń yá èèyàn lówó lẹ́sìn. Ibi tí ọmọ ti nílò rẹ̀ jù, ibẹ̀ ni kò sí.

ỌmọÌṣẹ́yìn kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ti bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Mi ò ní gbé ₦120,000 lọ Ìbàdàn. Mo fẹ́ wá tíṣà Físíìsì kan ní Ìṣẹ́yìn, kí n sì máa sanwó káfè fún un ní Sátidé. Tíṣà Òkè-Ògùn, ṣé ẹ mọ ẹnìkan? Kí ni kó sì kọ́kọ́ mú, níwọ̀n ìgbà tí àkókò ti lọ?

TíṣàÒkèÒgùn kọ:

Mo mọ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Físíìsì ló kọ́ni títí. Màá bá a sọ̀rọ̀, màá sì kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má dá san owó rẹ̀ o. Gbogbo kíláàsì yẹn ni kò ní tíṣà, nítorí náà ẹ ní kí ìyá rẹ̀ wá òbí mẹ́rin, márùn-ún jọ. Wọ́n á san án bí èésú, yóò sì fúyẹ́ fún olúkúlùkù.

Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣípòpadà àti agbára, lẹ́yìn náà ooru, ìgbì àti ìmọ́lẹ̀, iná mànàmáná. Kó fi físíìsì átọ́ọ̀mù sí ìparí. WAEC ni kó fi sọ́kàn ju JAMB lọ, nítorí bí kò bá ní kírẹ́díìtì Físíìsì, 280 JAMB kò ní mú un wọ ibì kankan. UI kì í sì í pe ẹni tí kò bá gba 200 wá fún àyẹ̀wò tiwọn, nítorí náà kó má fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré, 60 ni.

Ẹ bi í bóyá wọ́n ti ṣe práktíkà Físíìsì kankan rí. Bí kò bá sí, kí bàbá yẹn bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ kí wọ́n ṣí láàbù fún wọn ní Sátidé. Láàbù wà, mo mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló máa ń nira.

OníKáfè kọ:

Ọ̀rẹ́ mi kan ní káfè ní Ìṣẹ́yìn, kò jìnnà sí ọjà. Bí wọ́n bá wá márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, á dín owó wákàtí kù fún wọn. Kí wọ́n wá láàárọ̀, kí iná tó lọ.